Ìwádìí Méjì Lójú Títì Kan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní ìwádìí. Ẹnu ènìyàn méjì ni mo ti gbọ́ ọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìdìrókò, kí ènìyàn tó dé Ìyànà Ìyẹsí bó bá ń ti Ṣàngó bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí inú rẹ̀ mọ́, kò sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe. Ẹni kejì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni kejì yìí ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé táyà rẹ̀ jò.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo tan òun jẹ. Òpùrọ́ ni mí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni mí, ọmọ Àwórì. Irọ́ ni bàbá mi pa fún ìyá mi kó tó gbà láti fẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ lè sọ pé irọ́ ló bí mi. Mo kàwé dé ibi tí ìwé ti ń le, mo sì rọra padà lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣe mí léṣe. Nínú iṣẹ́ fọkanáísà tí mò ń ṣe yìí, mo ti fún táyà tírélà kan ní atẹ́gùn rí, àṣejù wọ̀ ọ́, bí mo ṣe yọwọ́ báyìí, tírélà gbéra nílẹ̀. Okùn la fi so ó mọ́ òpó iná. Awakọ̀ rẹ̀ jẹun ọ̀sán tán lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Mo sì ti yọ ìṣó kan rí lára táyà ọkọ̀ tó ti Kánò bọ̀, ìṣó náà mọ ọ̀nà ju awakọ̀ lọ.

Irú irọ́ tí mo máa ń pa nìyẹn. Kì í pa ènìyàn. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó kéré tán.

Ní òdìkejì títì, ilé alájà kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ní Gẹ̀ẹ́sì pé ibi ìsinmi àlejò ni. Àwọn àlejò tó ń sinmi níbẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Àwọn obìnrin tó ń gbé inú rẹ̀, àdúgbò ní orúkọ kan tó burú tí wọ́n ń pè wọ́n. Èmi ń pè wọ́n ní ará òdìkejì, nítorí pé òdìkejì ni wọ́n wà, èmi náà sì jẹ́ ará òdìkejì lójú tiwọn. Obìnrin tó ń darí ilé náà, Àǹtí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò rí i kó bínú rí, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń dẹ́rù bà mí lára rẹ̀.

Nínú àwọn ará òdìkejì yìí, ọ̀kan wà tó máa ń sọdá wá bá mi láàárọ̀. Á jókòó lórí táyà ògbólógbòó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí n pa irọ́ kan fún òun kí òun tó fọnu. Ó ti lé lógún ọdún dáadáa, ó sì ní ọmọ kan tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Ìlú wọn ńkọ́? Bí mo bá ní Òkè-Ògùn ni, ẹ má gbà mí gbọ́. Bí mo bá sì ní kì í ṣe Òkè-Ògùn, ẹ má gbà mí gbọ́ bákan náà. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ló bá wá sí Ọ̀tà. Ó sì ṣe é fúngbà díẹ̀, ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì, lára àwọn tí wọ́n ń gbà sẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọlọ́dẹ ẹnu géètì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé, pé wọ́n á pè wọ́n. Wọn kò pè é. Ó ń dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ nígbà tí Àǹtí rí i. Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá, agbolé wọn kò sì jìnnà síra. Àǹtí ní kó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́dọ̀ òun ná. Bó ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ nìyẹn o.

Àmọ́ lójú ìyá rẹ̀, iléeṣẹ́ bísíkíìtì ló ṣì wà. Kí irọ́ náà lè dúró, ó máa ń lọ sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ náà, níbi tí àwọn kan ti ń ta bísíkíìtì fífọ́ nínú láílọ́ọ̀nù ńlá, èyí tí ẹ̀rọ ti ṣẹ́ létí tàbí tó jóná díẹ̀. Á rà á, á gbé e fún awakọ̀ ní gáréèjì, wọ́n á bá a gbé e dé ilé. Ọmọ rẹ̀ ń fi í yangàn níléèwé pé ìyá òun ló ń ṣe bísíkíìtì gbogbo Nàìjíríà. Ó wí fún mi lọ́jọ́ kan pé òpùrọ́ lòun náà, bíi tèmi, àmọ́ irọ́ tòun ṣeé jẹ.

Ọdún Iléyá kan, Àǹtí tẹ̀ lé e lọ sílé. Ó gbé ìrẹsì lọ, ó gbé òróró lọ. Ìyá ọmọbìnrin náà gbọ́wọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún un títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, pé ẹni tó gba ọmọ òun sílé, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn tirẹ̀ tì. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí ti mọ ilé. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó mọ ilé. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin yìí kò fi lè gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bó bá sá dé ibẹ̀, ẹni tó ń sá fún lá máa kí i káàbọ̀.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ó ti rí iṣẹ́ mìíràn lọ́nà Agbára, iṣẹ́ tòótọ́, pẹ̀lú káàdì tí fọ́tò wà lára rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ó ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ yàrá. Èmi nìkan ló sọ fún, ó ní nítorí pé bí mo bá tilẹ̀ rò ó síta, ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwádìí àkọ́kọ́ dé.

Ọmọ yunifásítì ni. Ó wọ awò ojú, ó gbé báàgì aláṣọ kọ́ èjìká, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé. Ó ní òun ń kọ̀wé lórí òwò aṣẹ́wó, lórí ohun tó ń ṣe fún àdúgbò àti ohun tó ń ṣe fún ẹni tó ń ṣe é. Yorùbá rẹ̀ dùn ún gbọ́ bí ìròyìn rédíò. Èkó ni wọ́n bí i sí, àmọ́ olùkọ́ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bu ata sí ọ̀rọ̀ nínú ilé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti èmi ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè, ó ní ti Yorùbá rẹ̀ lẹ́nu.

Ó fi fóònù gba ohùn mi. Mo sọ ti tírélà fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á sílẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni àdúgbò ń rí nínú ilé òdìkejì yẹn. Mo ní kó wo ẹni tó ni ilé: òun ló máa ń sọ̀rọ̀ ìwà rere jù ní ìpàdé àwọn onílé. Mo ní kó wo obìnrin tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ló gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ kọjú sí. Kó wo ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sí ìkángun, ta ló rò pé ó ń ra oògùn níbẹ̀? Kó wo ìyàwó aránṣọ tí kì í bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Àti àwọn ọmọ kéékèèké tó ń fi orúkọ burúkú yẹn bú ara wọn bí bọ́ọ̀lù bá wọ ilé, wọn kò sì tíì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ilé kan ṣoṣo ni, gbogbo wa la ń jẹ lára rẹ̀, gbogbo wa la sì ń tutọ́ bá a kọjá.

Ó ní, “Àwọn obìnrin náà fúnra wọn ńkọ́, Bàbá?”

Mo la ẹnu, irọ́ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó bá ìbéèrè náà mu. Mo ní kó lọ bi wọ́n. A jọ sọdá.

Àwọn mélòó kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan ń fọṣọ. Wọ́n ń dirun fún òmíràn. Ọmọ yunifásítì kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá láti ṣe ìwádìí ni. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, kí n lè kó ẹ̀rí jọ.”

Ẹ̀yin tó gbọ́ Yorùbá, ẹ tún un kà. Ibo lẹ ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, bí kì í bá ṣe lẹ́nu ọlọ́pàá, díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ẹ wọnú ọkọ̀? Èyí tí wọ́n ń dirun fún dìde pẹ̀lú ìlàjì orí, ó wọlé. Èyí tó ń fọṣọ gba fèrèsé ẹ̀yìn lọ, wọ́n ní ó ti dé Àtàn kí ọṣẹ tó gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ẹnu ọ̀nà ti dá, ó ku abọ́ àti ìfófòó ọṣẹ.

Àǹtí jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé àga fún àlejò, ó ní kí wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tútù wá. Ó rọra bi í pé ẹ̀ka wo ló ti wá.

Ọmọ náà ní, “Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìwà Ọ̀daràn, mà.”

“Ta ló rán ẹ?”

“Ọ̀gá mi ni, mà. A pọ̀ díẹ̀. A pín àdúgbò láàárín ara wa.”

Mo fẹ́ dá sí i. Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀ka ìwé ni, pé ọ̀gá tó ń wí, ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí ara ògiri ni. Àmọ́ Àǹtí ti ń fọwọ́ pa ọmọ náà léjìká, ó ń sọ pé ó kú iṣẹ́, pé kó padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo àwọn ọmọ òun á ti wà nílé. Nígbà tí a padà sọdá, inú ọmọ yunifásítì dùn púpọ̀. Ó ní tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n gba òun.

Kò pẹ́ tó lọ ni Àǹtí wá. Ó bi mí bóyá mo mọ ọlọ́pàá yẹn. Mo ní kì í ṣe ọlọ́pàá, ọmọ ilé ìwé ni, iṣẹ́ àṣetiléwá ni wọ́n fún un. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ, mo sì fi Kùránì búra lé e. Ó wò mí bí ẹni ń wo táyà tí wọ́n ti lẹ̀ jù.

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ so tírélà mọ́ òpó iná.”

Ó padà sílé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin mi, ẹ jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀, sọdá wá láàárọ̀. Kò ní kí n pa irọ́. Wọ́n ti gba fóònù gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ bàtà, ó sì sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu.

“Bàbá, lọ́la ni wọ́n ń kó wa lọ sí ìkọjá bọ́dà. Àǹtí ní títí eruku á fi rọlẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n kó lọ nígbà kan, eruku tiwọn ò tíì rọlẹ̀ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.”

Mo ti ṣiṣẹ́ rí níléeṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó, kí èéfín rẹ̀ tó lé mi kúrò. Òfàrọ́ọ̀lù búlúù kan, aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n fún wa níbẹ̀, ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń bo ẹ̀rọ atẹ́gùn mi nígbà òjò. Mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, mo sá a sórí táyà. Obìnrin onírẹsì bi mí pé ṣé mo fẹ́ gbéyàwó ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọba Bìní kan ló ń bọ̀ wá fẹ́ mi, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹtẹ́nà ni wọ́n fi ń gbé àpótí aṣọ rẹ̀ bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo yí òfàrọ́ọ̀lù náà padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀sì dé síwájú ilé òdìkejì. Kò sí ohun tó ṣe táyà rẹ̀, àmọ́ awakọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn kì í kọjá lára fọkanáísà láìwo atẹ́gùn. Ó yà sọ́dọ̀ mi. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwa fọkanáísà la ń da ìṣó sójú títì kí a lè ríṣẹ́ ṣe. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ wa. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìṣó kan wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà, mo dìde, mo fi ìṣó náà hàn án.

Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo tú táyà sílẹ̀, mo gbé e sínú agbada omi, mo ń wá ibi tó ti ń jò, ibi tí kò sí. Mo ń sọ ti ìṣó tó ti Kánò wá fún un, bó ṣe mọ gbogbo ibi tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti máa ń dúró. Awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ gbá itan. Ní òdìkejì, Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo wá, ó ń wo títì, ó tún ń wo wá. Ọmọbìnrin mi sọ fún un pé òun fẹ́ ra búrẹ́dì tí wọ́n á jẹ lọ́nà. Àǹtí ní kó má pẹ́. Ọmọbìnrin mi sọdá, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, níbi tí mo kó àwọn táyà tó ti kú jọ sí, tí mo sì fi òfàrọ́ọ̀lù náà pamọ́ sí.

Lásìkò náà ni iléeṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò jáde iṣẹ́. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo irun, wọ́n ń lọ síbi tí bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wọn máa ń dúró. Nígbà tí wọ́n kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n fi ẹnì kan lé sí i. Ojú Àǹtí bọ́ sára wọn, ó sì yọ̀ kúrò bí omi lórí ewé kókò. Ta ló máa ń wo òṣìṣẹ́ nínú aṣọ iṣẹ́? Ọmọbìnrin mi gba iwájú mi kọjá, kò wò mí. Mò ń sọ fún awakọ̀ pé ìṣó náà béèrè omi lọ́wọ́ mi nígbà tí mo yọ ọ́ tán. Awakọ̀ tún fọwọ́ gbá itan.

Nígbà tí Àǹtí wá bi mí, mo ní mo rí i tó gbé búrẹ́dì lọ sí apá Ṣàngó. Wọ́n wá a títí. Bọ́ọ̀sì kò lè dúró dè é. Mo ní láti dá táyà padà, kò sí irọ́ tí mo lè pa fún táyà mọ́. Àwọn yòókù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń dirun fún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi gèlè bo ìlàjì orí tí kò tíì ráyè dì tán, ó sì ń wò mí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ó ti mọ̀. Ojú rẹ̀ ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi.

Òfàrọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni mo ní.

Ọmọ yunifásítì padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó jókòó lórí táyà ògbólógbòó. Ó bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré, “Bàbá, ṣé èmi ni mo lé wọn lọ?” Mo ní rárá o, onílé ló lé wọn, ó fẹ́ kun ilé. Ó gbà mí gbọ́. Ó dúpẹ́, ó nu awò ojú rẹ̀, ó lọ. Nínú ìwé rẹ̀ lónìí, níbikíbi tí wọ́n bá ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, ó wà níbẹ̀ pé onílé fẹ́ kun ilé. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé onílé kun ún lóòótọ́. Bẹ́ǹṣì onírẹsì ṣófo fún sáà kan, olóògùn ń tètè tilẹ̀kùn, àwọn onílé ṣèpàdé, wọ́n dúpẹ́ pé àdúgbò ti mọ́. Kí òórùn ọ̀dà tó lọ, àwọn obìnrin mìíràn ti dé. Àǹtí náà padà dé. Kò kó ẹnì kankan tí mo mọ̀ padà.

Kò béèrè ọmọbìnrin mi lọ́wọ́ mi. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti òdìkejì títì. Èyí tí mo sì ń retí ló dé.

Ọkùnrin kan yà sọ́dọ̀ mi nínú ọkọ̀ tó mọ́ tónítóní. Táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun, irun ara wọn kò tíì jẹ. Ó wọ kàftánì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Ọmọ tí mo lè bí ni.

Ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwádìí kékeré kan ni mo wá ṣe.”

Kò mú ìwé dání, kò mú báírò, kò fi fóònù gba ohùn mi. Ó jókòó sórí táyà ògbólógbòó. Ó ní ọmọbìnrin kan máa ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ ń wá a, ìyá náà ti dààmú. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọdé ní “ẹ”. Mo ní, ọ̀gá mi, ẹ ò mọ̀ ni, ó ti bá awakọ̀ tòmátì kan lọ sí Ìlọrin. Mo ṣàpèjúwe awakọ̀ náà, mo fún un ní irùngbọ̀n, mo fún un ní eyín tó ṣí. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó lọ.

Ó tún dé. Eruku pupa wà lára ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ìlọrin jìnnà, Bàbá.” Kò bínú. Mo ní ó ti kúrò níbẹ̀, oníṣòwò aṣọ kan ní Kútọnu ti fẹ́ ẹ. Ó tún lọ. Ó tún padà. Gbogbo ìgbà tó bá dé ló máa ń ní kí n wo táyà òun, gbogbo ìgbà ni atẹ́gùn máa ń pé nínú rẹ̀. Èmi tí mo ti fi irọ́ gbé tírélà rí, ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹni tó ń pa irọ́ fún ẹ̀rín, kò sí ẹni tó ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Gbogbo irọ́ mi ló ń wakọ̀ débẹ̀.

Mo wá rò ó pé wọn kì í wá òkú. Mo sọ fún un pé ibà ló pa á, nílé ìwòsàn kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, àti pé àwọn ará ibẹ̀ ló sin ín. Ó ní kí Ọlọ́run forí jì í, ó fọwọ́ pa ojú. Ó pẹ́ kí n tó tún rí i. Mo ti ń sùn dáadáa.

Ó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó.

“Bàbá, mo dé ilé wọn. Mo jíṣẹ́ yín.”

Mo ní n kò rán an níṣẹ́ kankan.

“Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti kú. Wọ́n ti ṣe fídáù rẹ̀. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Ìyá sunkún, ó sì tún ṣàdúrà fún Àǹtí.” Ó rọra gbọn eruku kúrò ní etí kàftánì rẹ̀. “Àná ni mo tún yà kí wọn. Ọmọ rẹ̀ kékeré jáde pàdé mi, bísíkíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ létí. Mo ní ta ló fún ọ. Ó ní awakọ̀ kan ló gbé e wá láàárọ̀, bíi tàtẹ̀yìnwá.” Ó gbójú sókè wò mí. “Bàbá, òkú wo ló ń fi bísíkíìtì ránṣẹ́ sílé?”

Ẹ̀rọ atẹ́gùn mi ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ní, ọ̀gá mi, ṣé ẹ ò gbọ́ nípa àkúdàáyà rí ni? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé tó kú, kì í lọ sọ́run tààrà. Ìlú mìíràn ló ń lọ, á máa ṣòwò, á máa sùn, á máa jí, á sì máa fi nǹkan ránṣẹ́ sọ́mọ. Mo ní mo mọ ọ̀kan tó ta epo fún ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ sàárà rẹ̀. Àmọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé bá ti sún mọ́ ibi tó wà, á pòórá ni, kò sì ní dáa fún ẹni tó wá a débẹ̀.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní kí n bá òun wo táyà. Mo yọ atẹ́gùn díẹ̀ kúrò, mo dá a padà. Bó ṣe ń wọ ọkọ̀, ó bi mí pé gáréèjì wo ni àwọn awakọ̀ ìlú wọn ti máa ń gbé ẹrù. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kò burú, òun ráyè, òun á lọ jókòó síbẹ̀ díẹ̀.

N kò mọ ibi tí ọmọbìnrin mi wà. Kò ní fóònù tí mo mọ nọ́ńbà rẹ̀, èmi ni mo sì sọ fún un pé kó má sọ ibi tó ń lọ fún mi. Ìdí tí mo fi gbé báírò nìyẹn, pẹ̀lú ìwé díẹ̀ tí mo kà. Púpọ̀ nínú ohun tó wà níhìn-ín ni mo ti yí padà. Bóyá òfàrọ́ọ̀lù kọ́ ló wọ̀. Bóyá Agbára kọ́. Ẹni tó bá wá a gba ọ̀nà tí mo kọ sílẹ̀ yìí, yóò bá Ìlọrin àti Kútọnu níwájú.

Àmọ́ ti bísíkíìtì kì í ṣe irọ́. Bí ìwọ tí mò ń bá wí bá ń kà á níbi tí o wà, tàbí tí ẹnì kan ń kà á sí ọ létí lẹ́nu iṣẹ́: wọ́n ti ṣe fídáù rẹ, o ti kú nílé yín, èmi ni mo pa ọ́. Kú bẹ́ẹ̀ ná. Má lọ sí gáréèjì. Ọmọ á sunkún, jẹ́ kó sunkún. Má fi bísíkíìtì ránṣẹ́ mọ́.